Ìfojúrinjú ni, kì í ṣe ìpàdé ṣóńṣó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe ìpàdé olórí orílẹ̀-èdè méjì tí ò rẹ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "summit", ní "ìpàdé ṣóńṣó", torí pé Churchill, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wé orí òkè ní Edinburgh lọ́dún 1950. Òkè tiẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣóńṣó imú ló wà, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ló wà: ibi tí ẹnì kan ò ti lè jókòó, ká má tíì sọ ti ẹni méjì.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018 tí Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Kim Jong-un, olórí Kòríà Àríwá, pàdé ní Singapore, ìdí oníwèé ìròyìn kan ní Lágéré ni mo ti gbọ́ orúkọ mẹ́ta láàárọ̀ kan ṣoṣo. Ẹnì kan ní ìpàdé ìlàjà ni. Bàbá kan tí kì í ra ìwé, tó kàn máa ń ka àkọlé, bi í pé: "Ta ló là wọ́n?" Kò sí ìlàjà láìsí onílàjà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì àti ògbufọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ wọ yàrá. Èkejì ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sóòótọ́: lọ́dún 2017, Trump pe Kim ní ọkùnrin rọ́kẹ́ẹ̀tì, Kim ní arúgbó tó ń ṣarán ni Trump (a kì í wá ọ̀rọ̀ èébú tì). Ẹnì kẹta ní ìforíkorí. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn tó bá forí korí, èrò kan náà ni wọ́n ń gbà. Àwọn wọ̀nyí fọwọ́ sí i pé kí bọ́ǹbù átọ́míìkì kúrò nílẹ̀ Kòríà. Àmọ́ Amẹ́ríkà ní bọ́ǹbù ti Kim ni, Pyongyang, ìjọba Kim, ní ti Amẹ́ríkà tó ń dẹ́rù bà wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ibi tí mo ti rí tèmi ò jìnnà. Nígbà tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì lọ bá Aláàfin Làmídì Adéyẹmí ní Ọ̀yọ́, ní oṣù Kìíní ọdún 2016, tí ìwé ìròyìn ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́ láti 1937, ariwo sọ nílé wa ní Ifẹ̀. Wọ́n ní àbẹ̀wò kọ́, torí ẹni tó bá ti gbọ́ àbẹ̀wò á fẹ́ mọ ẹni tó kéré. Ìyá wa àgbà ní kí wọ́n dákẹ́ jàre: "Wọ́n ti fojú rinjú."

Ìfojúrinjú ò sọ ẹni tó kéré, kò sì ṣèlérí kankan. Ní Hanoi, ní oṣù Kejì ọdún 2019, Trump àti Kim ò jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ti ṣètò fún wọn, wọn ò sì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹni tó pe ìyẹn ní ìlàjà ti purọ́. Wọ́n ṣáà fojú rinjú.

Bí wọ́n bá pé méje bíi ti G7, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ méje, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ àpérò. Níbẹ̀ yẹn, mi ò bá yín jiyàn.