Wọ́n ní máìgádì wa ló gba ẹrù mi, bẹ́ẹ̀ ilé wa ò ní máìgádì

Ìyá Ìbejì Akòwọ́njọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí orí mi ti ń gbóná. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbéyàwó ní Sátidé yìí, aṣọ òkè tí àwa ẹbí ọkọ fẹ́ lò, Ìṣẹ́yìn la ti lọ hun ún, ẹtù ni, gèlè méjìlá, fìlà mẹ́sàn-án. Bàbá tó hun ún ní òun máa fún dírẹ́bà ní páàkì kó gbé e wá fún mi tààrà, èmi ni mo ní rárá o, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ tí wọ́n ní ọ́fíìsì, tí wọ́n máa fún wa ní nọ́ńbà tí a ó fi máa wo ibi tó dé. Ẹnu ara mi ni mo fi kó bá ara mi.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn n'Íbàdàn ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Títí di Fúráìdeè, ohun kan náà ni mò ń rí: ó wà lójú ọ̀nà. Mọ́ńdè dé, ó wà lójú ọ̀nà. Ìbàdàn sí Èkó! Tó bá jẹ́ ìgbín ni, ó yẹ kó ti dé Bẹ́gà.

Wá gbọ́ eléyìí. Àná Túsìdeè, ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ò yá, mi ò jáde rárá látàárọ̀. Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, tẹ́ẹ̀sì wọlé pé wọ́n ti gbé ẹrù mi dé, ẹni tó gbà á: máìgádì. Máìgádì kẹ̀? Fúláàtì mẹ́rin ni ilé wa, ẹni tó bá kẹ́yìn wọlé lálẹ́ ló ń ti géètì. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó pè mí, mo tiẹ̀ wo fóònù mi bóyá mo ti pa á mọ́ dídún, rárá, ó wà bó ṣe yẹ kó wà.

Mo pe nọ́ńbà wọn, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, tẹ ọ̀kan, tẹ méjì, orin, orin, owó fóònù mi tán. Mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n ní ẹ má bínú, a ti gbé ọ̀rọ̀ yín fún àwọn tó yẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi gbólóhùn kan náà dá mi lóhùn, kì í ṣèèyàn nìyẹn.

Ṣé kí n lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn n'Íkẹjà ni àbí kí n gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ? Màmá wa ò tíì mọ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ lanu sọ ọ́.

Ọmọ Ìta Fájì

Máìgádì tí kò sí gba ẹrù tí kò dé 😂 Ẹ ṣáà san owó oṣù ẹ̀ fún un o.

Ẹ má bínú màmá ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti bi àwọn ilé tó wà lọ́tùn-ún lósì? Tèmi níjọ́sí, ilé tó kọjú sí wa ni wọ́n gbé e sí, ọmọdé kan ló gbà á tó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ kẹrin la tó rí i.

Aléésì Balógun

Màmá ìbejì ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, bàbá aláṣọ òkè yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi tí mò ń ta léèsì ní Balógun, ojoojúmọ́ ni mò ń fi ẹrù ránṣẹ́, Ìlọrin, Òṣogbo, Àkúrẹ́, páàkì ni mò ń gbé e lọ torí ní páàkì mo rí ojú ẹni tó gbé ẹrù mi, mo gba nọ́ńbà fóònù ẹ̀, mo ya nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀, tí ó bá di ọ̀sán mà á pè é pé bọ̀dá mi níbo lẹ dé, á ní Ìbàfò, á ní Mọ́wé, ó parí. Àwọn ọlọ́fíìsì yìí, ta lẹ fẹ́ pè? Ẹ̀rọ!

Ohun tó ń pa ẹrù jù lójú tèmi ni ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Òjò kan ṣoṣo, ó ti ṣí, tádàwà ti yọ́, ẹrù ti di ẹrù tí kò lólówó. Mo ti jẹ gbèsè ẹ̀ rí, léèsì mẹ́ta lọ báyẹn, kọ́sítọ́mà náà sì bú mi gan-an, ó ní olè ni mí, mo dá owó ẹ̀ padà látinú àpò mi torí orúkọ. Látìgbà yẹn, máákà dúdú ni mo fi ń kọ nọ́ńbà fóònù sára ẹrù fúnra ẹ̀, ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mà á wá fi sẹ́lótéèpù bò ó mọ́lẹ̀, mà á tún ṣe fídíò kí n tó dì í. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín nínú ọjà pé mò ń ṣe fíìmù.

Túndé Méfọ̀ọ́n

Àǹtí aléésì, ẹ má yin páàkì sí wa létí o. Èmi ni mo fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ránṣẹ́ láti Jíbówú, dírẹ́bà gbé e, mo gba nọ́ńbà ẹ̀, nọ́ńbà ò wọlé mọ́ látìgbà tí ọkọ̀ ti kúrò. Mo padà síbẹ̀, wọ́n ní ẹ wo ẹ̀yìn rìsíìtì yín. Mo wò ó: ẹrù tó bá sọnù, ti olówó ẹ̀ ni. Lẹ́tà wínníwínní! Ẹni tó bá ti fi ẹrù lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ti fi í ta tẹ́tẹ́ nìyẹn.

Ráídà Tẹ́lẹ̀

Mo gun báìkì dísípáàṣì fún ọdún mẹ́ta kí ẹ̀yìn tó kọ̀ fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú, ẹ má ṣépè fún mi.

Láàárọ̀, wọ́n á da ẹrù sílẹ̀ ní yàrá kan, wọ́n á máa pín in ní àdúgbò-àdúgbò. Tèmi ni Agége, Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìdímù, ẹrù bí ogún, nígbà míì ọgbọ̀n. Wọn ò sanwó ìrìn fún mi o, iye tí mo bá fà lé èèyàn lọ́wọ́ ni wọ́n ń san. Tí mo bá dé ilé rẹ tí o ò sí nílé, mi ò rí nǹkan kan gbà, epo mi ti jó, owó fóònù tí mo fi pè ọ́, tèmi ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìlọ́po ni owó epo, owó orí ẹrù ò kúrò lójú kan. Àdírẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Ẹlòmíì á kọ "ilé aláwọ̀ búrẹ́dì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí". Èwo nínú mọ́ṣáláṣí Agége?

Tí ọjọ́ bá wá rọ̀, áàpù ò ní jẹ́ kí o tì í pa àfi tí o bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Tí o bá ní o ò rí olówó ẹ̀, o ní láti dá a padà sí ọ́fíìsì lálẹ́ yẹn, Ìdímù sí Ìkẹjà nínú gó-sílò. Àwọn kan á kàn tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n ti gbé e dé, wọ́n á fi sínú àpótí wọn, pé láàárọ̀ ọ̀la àwọn á tètè gbé e lọ. Áàpù á bi wọ́n pé ta ló gbà á: òun fúnra ẹ̀, ará ilé, aládùúgbò, máìgádì. Máìgádì ni wọ́n máa ń tẹ̀ torí kò sẹ́ni tó máa pe máìgádì. Màmá, bọ́tìnì ni máìgádì yín yẹn, kì í ṣèèyàn. Èmi náà ti tẹ̀ ẹ́ rí, Ọlọ́run dárí jì mí.

Ohun míì tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ò mọ̀: wọ́n máa ń mú báìkì. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní February 2020, tí wọ́n tún wá mú un le ní 1 June 2022 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ẹtí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Súrùlérè, Erékùṣù Èkó, Lagos Mainland àti Àpápá, wọ́n ní dísípáàṣì ò sí níbẹ̀. Lórí ìwé nìyẹn. Wọ́n mú tèmi lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù nínú àpótí, ọjọ́ márùn-ún ló lò nínú ọgbà wọn kí ọ̀gá mi tó rówó gbà á, gbogbo yín ń pè mí, ẹ ní mo ti gbé e sá lọ. Ká má tiẹ̀ tíì sọ ti Third Mainland nígbà òjò, ó lé ní kìlómítà 11, kò síbi tí wàá yà sí, odindi afárá àti ìwọ àti náílọ́ọ̀nù.

Ẹ má lọ sí ọlọ́pàá báyìí. Ẹ lọ sí Ìkẹjà, ẹ bi wọ́n ní ibi tí ráídà dúró sí nígbà tó tẹ bọ́tìnì yẹn. Ó wà nínú áàpù wọn, wọ́n máa ní kò sí, ó wà. Kí wọ́n fi àwòrán tó yà hàn yín. Ẹ má pariwo mọ́ ọmọ tó jókòó níwájú, kò mọ nǹkan kan, ẹ ní ẹni tó ń pín ẹrù láàárọ̀ lẹ fẹ́ rí.

Bọ̀dá Yábàá

Ráídà tẹ́lẹ̀, o ṣeun, ṣùgbọ́n àlàyé kì í dá aṣọ padà.

Màmá ìbejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ẹ kọ ímeèlì sí wọn, ẹ fi ọjọ́, nọ́ńbà ẹrù àti iye owó ẹ̀ sí i. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò, sọ ọ́ kedere pé ẹni tó gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, tí yóò bá pẹ́, kó tètè wí. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé ímeèlì yẹn lọ fún FCCPC, tàbí LASCOPA tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó níbí. Kò sówó tẹ́ ẹ máa san. Ó lè pẹ́ sha, èmi lo oṣù méjì lórí fóònù kan kí wọ́n tó dá owó mi padà.

Ẹ̀kejì, wọ́n máa sọ fún yín pé àwọn ò mọ̀ yín rí, bàbá tó fi ránṣẹ́ làwọn mọ̀. Ẹ ní kí bàbá náà kọ tiẹ̀. Ṣé wọ́n tiẹ̀ kọ iye owó aṣọ sórí wébíìlì, ìwé tí wọ́n fi gba ẹrù? Tí wọ́n bá kọ "aṣọ" lásán, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa fẹ́ san.

Ṣadé Ìsọlọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé àti fítámì ránṣẹ́ láti London nípasẹ̀ póòsì, wọ́n ní ó ti kúrò lọ́hùn-ún, kò sí nǹkan míì mọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Bọ̀dá Yábàá

Ṣadé, wo nọ́ńbà ẹ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, tó wá parí pẹ̀lú GB, ti póòsì gidi ni, NIPOST, iléeṣẹ́ póòsì Nàìjíríà, ló máa gbà á níbí, nọ́ńbà kan náà ni wàá fi wò ó lọ́dọ̀ wọn. Má dúró de ẹni tó máa pè ọ́, gbé káàdì ìdánimọ̀ rẹ lọ sí póòsì tó sún mọ́ ọ. Ìwé pélébé kan ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sílé, ó lè ti wà lọ́wọ́ lańlọ́ọ̀dù yín.

Ìyá Ìbejì Akòwọ́njọ

Ẹ̀yin ará, a ti rí i o!!! Mo ń kọ eléyìí nínú kẹ̀kẹ́, ẹ má wo àṣìkọ.

Mo lọ sí Ìkẹjà láàárọ̀ òní Tọ́sìdeè, mo sọ gẹ́gẹ́ bí Ráídà Tẹ́lẹ̀ ṣe sọ, mo ní ibi tó ti tẹ bọ́tìnì ni mo fẹ́ rí. Ojú ọmọbìnrin náà yí padà, ó lọ pe ọ̀gá kan wá látẹ̀yìn. Wọ́n wò ó, lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Ìpájà ló wà! Àdúgbò kan ní Ìpájà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú tiwa, nọ́ńbà ilé kan náà. Ọ̀gá yẹn fún mi ní ráídà kan kó mú mi lọ.

Ráídà Tẹ́lẹ̀ ẹ gbọ́, máìgádì wà níbẹ̀ o! Máìgádì gidi, bàbá àgbàlagbà kan. Ọjọ́ méjì yìí ni bàbá náà fi ń bi gbogbo ará ilé yẹn pé ta ló ń retí aṣọ. Òjò ti fọ ìwé ara ẹ̀, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà mi ti parẹ́, bàbá náà ti pe èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ bú wọn pé oníjìbìtì ni wọ́n. Wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Mo fẹ́ fún wọn lówó, wọn ò gbà á, ìgbà tí mo fi sílẹ̀ lórí àga ni wọ́n tó mú un.

Ráídà Tẹ́lẹ̀

Ha! Mo jẹ yín ní gbèsè àforíjì, bàbá máìgádì. Màmá, ṣé gbogbo ẹ̀ pé?

Ìyá Ìbejì Akòwọ́njọ

Gèlè pé méjìlá. Fìlà ni mo kà tó jẹ́ mẹ́jọ, àyà mi tún já. Mo pe bàbá n'Íṣẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀kan ṣẹ́kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi. Wọ́n ti fún dírẹ́bà ní páàkì lọ́sàn-án yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán ni, ó ní òun ti dé Ìbàfò.