Ìrírí wa pẹ̀lú ìbọn ogun àtijọ́: kí sánpépà tó kan igi wọn

Láti Houston, Texas

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Àwọn kan nínú wa ti béèrè bí a ṣe ń tún ìbọn ogun àtijọ́ ṣe, pàápàá èyí tí igi rẹ̀ ti dúdú tí òróró sì ti mu ún yó. Mo ti ń kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jọ láti ìgbà tí mo ti gba ìwé àṣẹ olùkójọ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìwé tí ó fún ènìyàn láyè láti ra ìbọn tí ó ti pé 50 ọdún, bí ó bá ṣáà ti ń kọ gbogbo èyí tí ó rà àti èyí tí ó tà sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn aláṣẹ lè wá yẹ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹ wádìí ẹni tí ó fọwọ́ kan igi náà kẹ́yìn kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ àwọn ológun ni, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó ti bà á jẹ́, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ àtúnṣe ní ìtumọ̀.

Mosin-Nagant ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 91/30, nítorí pé ní 1891 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í fún àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n sì tún ìrísí rẹ̀ ṣe ní 1930. Nígbà tí mo tú u kúrò nínú pépà, ńṣe ni gíríìsì tí a mọ̀ sí cosmoline bo gbogbo irin rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wà nínú ọ̀pá, ó wà lábẹ́ irin ìdí ìbọn, ó sì ti wọ inú igi lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba Soviet kó àìmọye irú ìbọn yìí padà sí ilé iṣẹ́ àtúnṣe, tí wọ́n tò wọ́n pa dà, tí wọ́n sì fi gíríìsì tọ́jú wọn pamọ́ de ogun mìíràn.

Oòrùn Texas ni ó bá mi ṣe èyí tí ó le jù níbẹ̀. Mo tú igi kúrò lára irin, mo fi aṣọ àtijọ́ wé e, mo kó o sínú ọ̀rá dúdú ìkódọ̀tí, mo sì gbé e sórí síméǹtì ẹ̀yìnkùlé ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Keje. Bí igi náà ti ń gbóná ni gíríìsì ń yọ jáde lára rẹ̀ bí òógùn, tí èmi náà ń nù ún, tí mo ń pààrọ̀ aṣọ, títí tí aṣọ fi ń jáde láìní àbàwọ́n. Mineral spirits (omi tí a fi ń yọ ọ̀dà) àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ irin, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, níta gbangba tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ohun tí ó fara hàn lábẹ́ gíríìsì yẹn ni ó jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn. Òǹtẹ̀ onígun mẹ́ta tí ọfà wà nínú rẹ̀ sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ ìbọn Izhevsk ni wọ́n ti rọ ọ́, kì í ṣe ti Tula, tí òǹtẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ ìràwọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí kékeré kan wà tí wọ́n fa ìlà dábùú kọjá nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe àmì ilé iṣẹ́ àtúnṣe. Lórí irin ìdí ìbọn, wọ́n ti fagi lé nọ́ńbà àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ òmíràn sí i kí ó lè bá ti ara ìbọn mu. Láti inú àmì wọ̀nyí ni ènìyàn ti lè ka ibi tí ìbọn náà ti kọjá. Àwọn òǹtẹ̀ tí ó wà lára igi kò sì jìn rárá. Ìwọ̀nba sánpépà díẹ̀ ti tó láti pa wọ́n rẹ́, kò sì sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè dá wọn padà. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá rí Mosin tí wọ́n ti fá igi rẹ̀ funfun, tí wọ́n sì fi fáníìṣì dán an.

Èkejì ni ìbọn tí mo tún ṣe ní tòótọ́. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ogun Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81st Division, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943, ìbọn Lee-Enfield ni ó sì gbé. Ọdẹ ni bàbá tèmi, ṣakabùlà sì ni èmi mọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n orúkọ Lee-Enfield kì í wọ́n nínú ilé wa. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ọ̀kan nínú ìsọ̀ ẹnì kan tí ń ta ìbọn níhìn-ín, mo rà á bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi ayùn gé iwájú igi rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ta ìbọn wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín sì ń gé wọn kí wọ́n lè fúyẹ́.

Lára irin rẹ̀ ní apá òsì ni wọ́n kọ U.S. PROPERTY sí, lẹ́tà C sì wà nínú nọ́ńbà rẹ̀. Savage ni ó ṣe é, ní Chicopee Falls ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nígbà tí Amẹ́ríkà ń fi ohun ìjà ran Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ náà ṣe ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Mo ra iwájú igi àtijọ́ mìíràn tí a kò tí ì lò rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé a óò kàn gbé e wọlé. Ẹ̀yìn igi náà gbọ́dọ̀ fara ti irin dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, iwájú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa ti ọ̀pá sókè díẹ̀ ní ẹ̀bá ẹnu ìbọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọta kì yóò lọ síbi kan náà. Mo fi èéfín àbẹ́là kun irin, mo gbé e sínú igi, mo yọ ọ́, ibi tí èéfín bá sì ti kan igi ni mo ń fá díẹ̀díẹ̀, títí tí dúdú náà fi pín dọ́gba ní ìhà méjèèjì.

Òróró linseed tútù ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi ń pa igi ìbọn wọn, òun náà ni mo lò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ óò fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, títí tí igi yóò fi gbóná lábẹ́ ọwọ́, ẹ óò nu èyí tí ó kù kúrò, ẹ óò sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tún pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ká aṣọ tí ẹ fi nu òróró náà jọ sínú garawa, nítorí pé bí òróró náà ti ń gbẹ ni ó ń mú ooru wá, aṣọ náà sì lè gbiná fúnra rẹ̀, pàápàá linseed tí wọ́n ń pè ní boiled. Ẹ sá a sílẹ̀ níta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

N kò fi í yìnbọn kí alágbẹ̀dẹ ìbọn tó yẹ ibi tí ọta ń jókòó sí wò. Orí bolt (irin tí ń ti ọta wọ inú ìbọn) Lee-Enfield yìí ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, láti 0 dé 3, wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sí i lára. Ẹni tí ó bá ń fi bolt ìbọn kan sínú òmíràn láìwọ̀n ọ́n ń fi ojú ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Láti Birmingham, Alabama

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Obìnrin ni mí, ọkọ mi ni ó sì fà mí wọ inú nǹkan yìí, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ṣe ìtọ́jú igi nínú ilé wa. M1 Garand, ìbọn ogun Amẹ́ríkà, ni tiwa. Anniston níhìn-ín ni a ti rà á, ní ìsọ̀ Civilian Marksmanship Program, àjọ tí ń ta ìbọn ogun àtijọ́ fún aráàlú, tí wọn kì í tà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí a gba ìwé ọmọ ìlú ni a tó lè lọ. International Harvester ni ó ṣe é fún ìjọba láàárín ọdún 1950 sí 1959, ilé iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ katakata oko.

Òǹtẹ̀ idì tí ó ní ìràwọ̀ mẹ́ta wà ní apá òsì igi rẹ̀, ojú ibi tí igi ti wọnú sì wà nítòsí rẹ̀. Aṣọ tí a fi omi rin ni mo tẹ́ lé ojú ibẹ̀, mo sì gbé ṣóńṣó áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ooru omi ni ó ń wú igi padà sókè. Mo jìnnà sí òǹtẹ̀ náà gan-an, nítorí pé òun náà yóò wú bí ooru bá dé ibẹ̀. Ọgbẹ́ tí okùn igi ti já kò lè wú, irú èyí kí a fi sílẹ̀.

Láti London

Bùrọ̀dá, ẹ ṣeun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, ọlọ́pàá ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ọdún márùn-ún márùn-ún ni a ń sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n á sì wá wo kọ́bọ́ọ̀dù irin tí ìbọn yóò máa wà. Lee-Enfield ṣeé ní, ṣùgbọ́n Garand tí a lè fi yìnbọn kò ṣeé ní láti 1988, nígbà tí wọ́n fi òfin de ìbọn ńlá tí ń fa ọta wọlé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń kó èyí tí wọ́n ti ṣe kí a má lè fi yìnbọn mọ́ jọ, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ilé ìdánwò ìbọn. Ṣé ẹ máa ń lo ọta àtijọ́ nínú Mosin yẹn?

Láti Houston, Texas

Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò. Iyọ̀ ni iná ìdí ọta wọ̀nyẹn ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ náà ń fa omi inú atẹ́gùn, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ìlú ọ̀rinrin bíi tiwa. Òróró kò lè yọ iyọ̀. Omi gbígbóná ni mo ń dà gba inú ọ̀pá kọjá ní ọjọ́ kan náà, mo ń fọ ojú bolt pẹ̀lú, mo ń fi aṣọ gbẹ ẹ́ títí tí kò ní sí omi kankan mọ́, lẹ́yìn náà ni mo tó fi òróró pa á.