“Agbésùnmọ̀mí Mùsùlùmí”: Ta Ló Rán Wọn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Àbá tó wà níwájú wa ni pé, nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn Yorùbá, kí a kọ “agbésùnmọ̀mí Mùsùlùmí” sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi ìbọn àti àdó olóró pa ènìyàn lórúkọ Ìsìláàmù, kí a sì kọ “alákatakítí Mùsùlùmí” fún àwọn tó ń wàásù irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú àbá náà wá sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà lẹ́nu aráyé, pé rédíò ń lò wọ́n, àti pé iṣẹ́ tiwa ni láti kọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ sílẹ̀, kì í ṣe láti máa kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe sọ̀rọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn, èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi takò ó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2014, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin télọ̀ kan ní Lágere, mò ń dúró de ṣòkòtò tí ó ń bá mi tún ṣe. Rédíò kékeré kan wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òwú. Asọ̀ròyìn náà wí pé, “Àwọn agbésùnmọ̀mí Mùsùlùmí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú Kánò.” Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ òsì ṣì di aṣọ mú lábẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn oníbàárà méjì tó ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ọ̀nà dákẹ́, mo sì rí i bí ojú wọn ṣe lọ sára híjáàbù rẹ̀, tí wọ́n tún yára gbójú kúrò. Kò gbé orí sókè. Ó ní, “Ṣé àwa la rán wọn ni?” Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ó tún bi mí pé, “Àwọn tó kú náà ńkọ́? Kí ni wọ́n lọ ṣe ní mọ́ṣáláṣí?”

Ìròyìn ọjọ́ náà dá lórí àdó olóró àti ìbọn tí wọ́n yìn lu àwọn tó ń kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ẹ́míà Kánò ní ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, níbi tí ènìyàn tó lé ní 100 ti kú. Mùsùlùmí ni wọ́n, orí ìrun ni ikú sì bá wọn. Síbẹ̀, nínú gbólóhùn tí rédíò sọ, àwọn apànìyàn nìkan ló jẹ́ “Mùsùlùmí”; àwọn òkú di “ènìyàn” lásán. Kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ tí asọ̀ròyìn náà kà. Ibi tí ó gbé ọ̀rọ̀ kan sí ni ó yí gbogbo ìtàn náà padà, láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí obìnrin yẹn bi mí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó gbọ́ Yorùbá ju bí àbá wa ṣe gbọ́ ọ lọ. Tí ọ̀rọ̀ orúkọ méjì bá tẹ̀ lé ara wọn ní èdè wa, èkejì lè jẹ́ àpèjúwe, ó sì lè jẹ́ olówó, ọ̀gá tàbí ẹni tó ránni níṣẹ́. Ẹnì kan nínú yín ti kọ ọ́ pé “olùkọ́ Mùsùlùmí” àti “aládùúgbò Mùsùlùmí” kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju pé Mùsùlùmí ni ẹni náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kúrò ní iṣẹ́ olùkọ́, kí a bọ́ sí agbo ọ̀rọ̀ ogun àti ti iṣẹ́ rírán. “Ọmọ ogun Ìbàdàn” kì í ṣe ọmọ ogun kan tí ó ṣèèṣì jẹ́ ará Ìbàdàn. Ìbàdàn ló gbé ogun náà dìde. “Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn” ni ẹni tí Ìbàdàn fi jẹ lé ìlú mìíràn lórí. “Amí Jámánì” lè jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ohun tó mú un jẹ́ amí Jámánì ni pé Jámánì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Níhìn-ín ní Ifẹ̀, tí ẹmẹ̀sẹ̀ Ọọ̀ni, ìyẹn ìránṣẹ́ ààfin, bá wọ agboolé rẹ, o kò ní béèrè ẹni tó rán an.

Inú agbo yìí gan-an ni “agbésùnmọ̀mí” wà. Ọ̀rọ̀ ìgbà ogun ni sùnmọ̀mí, ìyẹn ìkọlù òjijì tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ogun ń ṣe sí oko tàbí abúlé láti kó ènìyàn àti ẹrù lọ. Ẹni tó ń gbé sùnmọ̀mí ní ọ̀dọ̀ tí ó ti wá, ó ní ibi tí ó ń kó ìkógun rẹ̀ padà sí. Nítorí náà, nígbà tí a bá lẹ “Mùsùlùmí” mọ́ ọn, etí Yorùbá gbọ́ ọ bí “ọmọ ogun Ìbàdàn”: àwọn Mùsùlùmí ló rán an, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò sì padà sí. Obìnrin yẹn kò kẹ́kọ̀ọ́ gírámà ní yunifásítì kankan. Ó kàn dáhùn ohun tí gbólóhùn náà sọ ni.

Àwọn kan nínú yín fi ọ̀rọ̀ tó le dá mi lóhùn, kò sì yẹ kí n fò ó. Wọ́n ní ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, wọ́n pa ènìyàn tó tó 40 nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Fránsísì Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ilẹ̀ Yorùbá gan-an, àti pé nígbà tí ìjọba wí pé ẹgbẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní ti Ìsìláàmù ló ṣe é, a kò gbọ́dọ̀ fi gírámà bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Onígbàgbọ́ ni èmi náà, ọjọ́ Ìsinmi yẹn kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Mi ò sọ pé kí a fi ohunkóhun pa mọ́. Yorùbá ní ọ̀nà tí ó fi ń gbé ọ̀rọ̀ lé ẹni tó sọ ọ́ lórí: “wọ́n ní”, “wọ́n pe ara wọn ní”, “tí wọ́n sọ pé nítorí Ìsìláàmù ni”. Oníròyìn tó bá lo èyí kò pa òtítọ́ kankan mọ́, ó kàn jẹ́ kí ẹni tó lẹ́nu ru ẹrù ẹnu rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a sì fi ìwọ̀n kan náà wọn gbogbo ènìyàn. Joseph Kony ní Ùgáńdà fi orúkọ Olúwa sí orí ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, ó sọ pé Òfin Mẹ́wàá ni òun fẹ́ fi ṣàkóso, ó sì jí àwọn ọmọdé kéékèèké kó láti sọ wọ́n di ológun. Ní ọdún 2011, Anders Breivik pa ènìyàn 77 ní Nọ́wè, lẹ́yìn tí ó ti kọ ìwé gígùn kan pé òun ń gbèjà Yúróòpù àwọn Kristẹni; ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, kí wọ́n tó mọ ẹni tó ṣe é, àwọn oníròyìn kan ti na ìka sí àwọn Mùsùlùmí. Ta ni nínú wa tí yóò gbà kí a kọ “agbésùnmọ̀mí Onígbàgbọ́” fún àwọn méjèèjì? Ọ̀pọ̀ yóò dìde pé “àwọn yẹn kì í ṣe Onígbàgbọ́, wọ́n kàn ń fi orúkọ ẹ̀sìn ṣe ibi ni.” Èmi náà yóò dìde. Ohun tí mo bèèrè fún ara mi yìí ni mò ń bèèrè fún aládùúgbò mi.

“Alákatakítí” tilẹ̀ ṣòro fún mi jù, nítorí pé ìtara ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀n. Alákatakítí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú wà, alákatakítí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù náà wà, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù wọn. Tí a bá wá sọ pé ẹni tó ń wàásù ìpànìyàn ni “alákatakítí Mùsùlùmí”, ohun tí a sọ ni pé ìsìn rẹ̀ ló pọ̀ jù, pé bí ènìyàn bá ṣe ń súnmọ́ Ìsìláàmù tó ni ó ń súnmọ́ ìbọn. Ẹ wo èso rẹ̀ ní ìgboro. Mo ti rí ẹlẹ́hàá kan tó ń sọdá títì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tí àwọn ọmọ kékeré tó ń bọ̀ láti ilé ìwé ń pariwo “Bókò Hàrámù!” tẹ̀ lé e. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó yára sí i. Ẹ̀bi àwọn ọmọ yẹn kò tó tiwa, nítorí ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà fún wọn ni wọ́n lò: aṣọ gígùn, ìsìn púpọ̀, nítorí náà ìpànìyàn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn kì í wo apànìyàn bí ẹni tí ìsìn rẹ̀ pọ̀ jù. Ààlà ni wọ́n sọ pé ó kọjá: Súrà kẹrin nínú Kùránì, ẹsẹ 171, pàṣẹ fún àwọn tí a fún ní ìwé pé kí wọ́n má ṣe tayọ ààlà nínú ẹ̀sìn wọn. Ọ̀pọ̀ àfáà a sì máa pe irú wọn ní Kháwáríjì, orúkọ àwọn tó ya kúrò lẹ́yìn Álíì, kálífà kẹrin, ní nǹkan bí ọdún 657, tí ọ̀kan nínú wọn padà wá pa á ní ọdún 661. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni àwọn tó jáde. Ẹni tí àwọn onílé sọ pé ó ti jáde, àwa tí a wà níta la fẹ́ tì í wọlé padà.

Ó yẹ kí n rán yín létí pẹ̀lú pé Mùsùlùmí kì í ṣe àjòjì nínú èdè yìí. Àwọn àgbà sọ pé ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884, àdúrà, ìwàásù, àlùfáà àti wòlíì wà nínú rẹ̀, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni a sì ti yá wọn.

Àbá tèmi nìyí. Kí a fi “agbésùnmọ̀mí” sílẹ̀ ní òun nìkan, láìlẹ ẹ̀sìn kankan mọ́ ọn. Níbi tí ẹ̀sìn bá ti jẹ́ ara ìròyìn, kí a lo “afẹ̀sìngbésùnmọ̀mí”, tí a mọ bí a ti mọ “afẹ̀míṣòfò” àti “afipábánilòpọ̀”, tí ó sì bá Kony, Breivik àti àwọn Bókò Hàrámù ti Máídúgùrí mu bákan náà. Ẹni tó bá sọ pé ó gùn jù, kí ó ka ìró rẹ̀: méje ni, bí ti “afipábánilòpọ̀” tí àwọn asọ̀ròyìn ń pè láìkọsẹ̀. Gbólóhùn ọjọ́ yẹn ì bá sì ti jẹ́ “Agbésùnmọ̀mí pa àwọn tó ń kírun ní Kánò.” Ó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fún àwọn òkú ní ohun tó tọ́ sí wọn.

Kí n tó kọ èyí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Lágere. Obìnrin náà pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí pé, “Ṣé ti gbogbo ẹ̀sìn ni, àbí tiwa nìkan?” Mo ní ti gbogbo ẹ̀sìn ni. Ó ní, “Ó dáa, tíṣà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n dárúkọ wọn. Wọ́n ṣáà ní orúkọ.” Mo ti fi ìyẹn kún àbá mi: níbi tí orúkọ ẹgbẹ́ bá ti hàn, orúkọ náà ni kí oníròyìn kọ́kọ́ lò, kí “afẹ̀sìngbésùnmọ̀mí” tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ yín, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí àkójọ náà tó lọ.