Títún rọ kì í ṣe ayédèrú: ìrírí mi pẹ̀lú Máàkì Fọ́ọ̀ tuntun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ìbọn tán, pàápàá ti ẹ̀yin ará Ọ̀ffà àti Ìgbàjà tí ẹ sọ̀rọ̀ ìbọn ẹlẹ́nu méjì àti ṣakabùlà. Ohun kan ló mú mi dá sí i. Ẹnìkan sọ pé ìbọn ológun àtijọ́ tí wọ́n bá tún ṣe lóde òní, ayédèrú ni. Èmi ti yìn ògbólógbòó, mo ti yìn tuntun, mi ò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọlọ́pàá ayé àtijọ́ ní Ìlọrin mọ Máàkì Fọ́ọ̀, ìbọn onígi gígùn tí wọ́n máa ń gbé kọ́ èjìká. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Lee-Enfield. James Paris Lee, ọmọ Scotland tó dàgbà ní Canada, ló ronú ọ̀nà tí bóòtù rẹ̀, irin tí a ń fọwọ́ fà kí ọta tó wọlé, ń gbà ṣiṣẹ́. Enfield, nítòsí London, ni ilé-iṣẹ́ ìbọn ìjọba wà nígbà náà. Láti 1895 ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó. Ìgbà ogun Hitler ni No. 4, ìyẹn Máàkì Fọ́ọ̀ wa, wá gbajúmọ̀: ọta .303 (ìwọ̀n rẹ̀ ní íńṣì), 10 nínú mágásíìnì, ìyẹn àpótí ọta rẹ̀. Àwọn bàbá wa tó bá Dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà mọ ìdílé ìbọn yìí dáadáa. Ibi tí wọ́n ti jà ni wọ́n fi sọ Bárékè Arakan ní Àpápá lórúkọ.

Iṣẹ́ ló gbé mi lọ sí Brisbane ní Australia, níbẹ̀ ni mo ti wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn. Ẹ má rò pé ọwọ́ dẹ̀ níbẹ̀ o. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa èèyàn 35 ní Port Arthur lóṣù kẹrin 1996, ìjọba gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn lọ́wọ́ aráàlú, wọ́n sì san owó rẹ̀ padà. Ìbọn gígùn tó ń ki ọta fúnra rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ aráàlú. Ìbọn oníbóòtù, tí o máa fọwọ́ fà kí ọta tó wọlé, ṣẹ́ kù fún ẹni tó bá ní ìdí gidi, tó gba ìwé àṣẹ fún ìbọn kọ̀ọ̀kan, tó sì ní àpótí irin tó ń tì í mọ́. Lójú tèmi, òfin tó dára ni.

Àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ yẹn ló ní Máàkì Fọ́ọ̀ tuntun tí mò ń sọ. Australian International Arms ti Brisbane ló ṣe é, wọ́n pè é ní No. 4 Mk IV. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n á wá tò ó pọ̀ ní Australia. Ọta 7.62 (mìlímítà) ti NATO ló ń lò, torí pé .303 ti ń wọ́n, èyí tó sì ṣẹ́ kù látinú ogun máa ń jẹ inú ìbọn bí èèyàn ò bá tètè fọ̀ ọ́. Mágásíìnì ìbọn M14 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n tún ṣe tó bá a mu. Ẹ lè gbé awò lé e lórí láìlu ihò kankan sí irin rẹ̀, àǹfààní ńlá ni fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Àbúrò ìbọn yìí kékeré wà, M10-A1, tó ń lo ọta àti mágásíìnì AK-47. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ẹni tó bá ní i kì í fẹ́ tà á.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, mo yìn ti àtijọ́ kọ́kọ́. Inú rẹ̀ ti jẹ díẹ̀, ọta ń fọ́n káàkiri lára páálí ní mítà 200. Wàhálà rẹ̀ kejì ni ètè ìdí ọta .303. Bí o bá ki ọta kan tí ètè rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò há, àárín ìjà ni yóò sì há. Ọta 7.62 kò ní ètè yẹn. Mo gbé tuntun, mo gbé bóòtù sókè, ó fúyẹ́. Ìgbà tí mo tì í síwájú ni mo tó rí i pé sípíríńgì rẹ̀ ń ti ọwọ́ mi padà, gẹ́gẹ́ bí Lee-Enfield ṣe máa ń ṣe. Èyí ló mú mi gbà pé ọmọ bíbí inú ilé ni. Àwọn ihò tó wà lára páálí sún mọ́ra.

Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òmù-Àrán, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Kò kí mi kú iṣẹ́. Ó pè mí lórí fóònù, kí n rí òun bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa gbé ìdí ìbọn kúrò léjìká lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan?”

“Ẹ má bínú, sà. Ìgbà tí mo bá fẹ́ fa bóòtù ni.”

“Èjìká kì í kúrò. Ojú kì í kúrò. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí o fi gbá a, kì í ṣe kí o fi ìka méjì mú un bí ẹni mú ẹja gbígbóná.”

Ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sí èjìká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbá ọwọ́ sókè, sẹ́yìn, síwájú, sílẹ̀. Orí rẹ̀ kò mì rárá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo padà sí pápá, ìbọn náà sì yá lọ́wọ́ mi bíi pé ẹlòmíràn ló ń yìn ín. Ẹ wò ó, ohun tí ọlọ́pàá kọ́ lórí ti àtijọ́ bá tuntun mu láìkù síbì kan. Ayédèrú wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Fún ẹni tó wà lókè òkun tó fẹ́ rà á: ẹ wo mágásíìnì kí ẹ tó wo igi. Ẹ bèèrè bóyá ó ní ju ẹyọ kan lọ, torí èyí tí wọ́n tún ṣe yẹn ṣòro láti rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kó má gbìyànjú láti gbé irú rẹ̀ wá sílé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ológun tó ń lo ọta 7.62 sí èèwọ̀. Ìbọn ọdẹ tiwa, ẹ gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ máa tún un gbà nígbà tó bá yẹ.

Mo ń retí ẹni tó bá ti yìn 2A1, ìbátan Lee-Enfield tí Íńdíà ṣe ní Ishapore, oní 7.62 tó ń gba ọta 12. Ṣé mágásíìnì tiẹ̀ máa ń há, àbí kì í há?