Màmá ń lo oògùn egungun, síbẹ̀ egungun ẹ̀yìn wọn kán: ṣé oògùn náà ni kò ṣiṣẹ́?

Ọmọ Ìyá ní Kubwa:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá mi, tí wọ́n ti lé ní 70 ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Kubwa. Nígbà tí wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ tí ọrùn ọwọ́ wọn sì kán ni dókítà sọ pé osteoporosis ni, ìyẹn àìsàn tí ń mú kí egungun fúyẹ́ kí ó sì máa tètè kán, ó sì ní kí wọ́n máa lo alendronate 70 mg, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Ní oṣù tó kọjá, ike omi kékeré kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbé tí ẹ̀yìn fi mú wọn, àwòrán X-ray sì fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn egungun ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti rún. Dókítà ti ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ní ayédèrú oògùn ni wọ́n ń tà fún wa. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni màmá máa ń lò ó, pẹ̀lú tíì àti calcium wọn, nítorí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n lo gbogbo oògùn wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé oògùn kò ṣiṣẹ́?

Apòògùn ní Garki:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Ẹ má tíì bá ẹni tó ta oògùn jà. Tíì àti calcium yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí a bá tilẹ̀ lo alendronate bó ṣe yẹ, èyí tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 100, calcium sì máa ń so mọ́ díẹ̀ náà nínú ikùn, tí yóò fi bá ìgbẹ́ lọ. Omi lásán, ife kan gbáko, ni kí wọ́n fi lò ó nígbà tí wọn kò tíì jẹ ohunkóhun, kí wọ́n sì dúró fún 30 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kí wọ́n tó fẹnu kan tíì, ògì tàbí oògùn mìíràn. Fùrá dà nónò tí ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ láti máa mu níhìn-ín náà, wàrà ló wà nínú rẹ̀, òun náà yóò dúró. Kí wọ́n má padà dùbúlẹ̀, nítorí oògùn náà lè bó ọ̀nà ọ̀fun.

Mo tún fẹ́ béèrè: ṣé màmá ń lo oògùn làkúrègbé inú ọ̀rá, èyí tí kì í ní orúkọ lára? Wọ́n máa ń po dexamethasone tàbí prednisolone, ìyẹn àwọn oògùn steroid tí ń ba egungun jẹ́ bí a bá lò wọ́n pẹ́, mọ́ òmíràn nínú wọn. Ìrora á lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, inú gbogbo ilé á sì dùn, nígbà tí egungun ń jẹrà lábẹ́nú.

Dókítà ní Zaria:
Kíkán ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti pe oògùn ní aláìwúlò, nítorí kò sí èyí tí ń mú ewu kíkán kúrò pátápátá. Alendronate ń dín kíkán egungun ẹ̀yìn kù ní nǹkan bí ìdajì. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí International Osteoporosis Foundation gbé jáde ní 2012, bí egungun ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé bá kán lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìjàǹbá ńlá, a lè sọ pé oògùn ti kùnà. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, a ó wá ẹ̀rí mìíràn mọ́ ọn, yálà láti inú ẹ̀jẹ̀ tàbí láti inú àyẹ̀wò DXA, ìyẹn àwòrán tí ń wọn bí egungun ṣe ki tó. Ọrùn ọwọ́ tó kán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn kò sí nínú ìṣirò yìí. Orí ẹ̀rọ kan náà ni kí ẹ ti máa ṣe DXA, nítorí iye tí ẹ̀rọ kan bá sọ kò ṣe é fi wé ti òmíràn.

Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ fítámìn D, calcium inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àti thyroid (ẹṣẹ́ tó wà ní ọrùn) wò. Àgbàlagbà tí kì í jáde nílé lè ṣaláìní fítámìn D bí oòrùn Àbújá tilẹ̀ ń jó. Kí wọ́n wo ti myeloma pẹ̀lú, ìyẹn jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn, nítorí òun náà máa ń rún egungun ẹ̀yìn.

Ọmọ Alhaja ní Kàdúná:
Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ wo ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni zoledronic acid, oṣù mẹ́fà mẹ́fà sì ni denosumab. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan lọ ṣe ìnáwó ní Ìlọrin, ọjọ́ denosumab wọn kọjá níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí egungun ẹ̀yìn wọn fi rún. Bí owó rẹ̀ kò bá ní máa wà déédéé, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú. Inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná wa ṣe rí.

Ọmọ Ìyá ní Kubwa:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo bá oògùn inú ọ̀rá náà nínú àpò màmá. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rà á ní Nyanya. Mo fẹ́ kó o dànù lónìí.

Dókítà ní Zaria:
Ẹ má dà á nù, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ wọn lójijì. Ara tí prednisolone bá ti mọ́ lára fún ìgbà pípẹ́ lè dákú bí a bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé ọ̀rá náà lọ bá dókítà yín lọ́la, òun ni yóò sọ bí wọn yóò ṣe máa dín in kù.