Ta ló mọ ibi tí a ti lè rí Ọ̀run Móoru tó dáa?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Iléṣà ni mo wà, mò ń wá Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá tí Ọlá Balógun darí ní 1982. Èyí tí mo rí rà, àdàkọ ni: ojú ò hàn, ohùn ń há. Àwọn olè àdàkọ ló kó bàbá sí gbèsè lórí fíìmù yìí, ọjà wọn náà la ṣì ń rà!

Jos ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, fíìmù Haúsá ti 1976, wọ́n sì tún un ṣe ní Jámánì. Ṣé ti Bàbá Sàlá ọmọ Ìjẹ̀ṣà ò tó bẹ́ẹ̀ ni? Ọwọ́ ta ni ògidì rẹ̀ wà? Ta la máa tọ̀ lọ fún àṣẹ? Ẹni tó bá sì ní Moṣebọ́látán, fíìmù Bàbá Sàlá mìíràn, tó mọ́, kó jọ̀ọ́ sọ̀rọ̀.