Omi ń jò wọ inú ọkọ̀ ìgbòkun mi láti ìdí àwọn irin orí dẹ́ẹ̀kì: ṣé kí n tú gbogbo wọn ni?

Àjàní Medway

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ní ọkọ̀ ìgbòkun oní-fáíbà kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 28, tí wọ́n kàn ní ọdún 1978, odò Medway ní Kent ni mo sì ń so ó sí. Láti ìgbà òtútù tó kọjá, bí òjò bá ti rọ̀ ní òru, ìrọ̀rí tí ó wà ní ibùsùn apá òsì máa ń rin gbindin, omi tí ó sì ń kán sí i ní àwọ̀ bíi tíì tí a kò bu mílíìkì sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi àtè sílíkóònù yí ìdí òpó irin kékeré tí ó wà lókè ibẹ̀ ká, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn òpó 12 tí ó di wáyà ààbò mú. Jíjò náà dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n tú òpó yìí nìkan ni, àbí gbogbo wọn? Irú àtè wo ni kí n sì fi sí ìdí wọn bí mo bá ń dá wọn padà?

Ìyá Ìbejì, Plymouth

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe ni mo ń ṣe, àwọ̀ tíì tí ẹ sọ yẹn sì ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Omi òjò kì í ní àwọ̀. Tí ó bá ti pọ́n báyìí, inú igi ni ó gbà kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn, fáíbà tín-ín-rín méjì ni dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ilẹ̀ òkè ọkọ̀ tí a ń rìn lé, igi balsa tàbí páákó pílíwúùdù ni wọ́n sì fi sí àárín wọn kí ó lè le láìwúwo. Gbogbo ihò bóòtù, ìyẹn irin tí a fi nọ́ọ̀tì dè, ni ó gba inú igi yìí kọjá. Bí àtè ìdí irin bá ti gbó, igi náà ni yóò kọ́kọ́ mu omi, omi náà yóò sì rìn jìnnà kí ó tó rí ojú ibi tí yóò ti kán, nítorí náà òpó tí ó wà lókè ìrọ̀rí yín lè má jẹ̀bi rárá. Sílíkóònù tí ẹ fi yí i ká kàn há omi mọ́ inú ni, ó sì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lára fáíbà, tí àtè mìíràn tàbí ọ̀dà kò fi ní lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ fi òòlù olórí ike kan dẹ́ẹ̀kì náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó bá dún kọ́, kọ́, kọ́, igi ibẹ̀ ṣì le. Ibi tí ó bá dún gbò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Bí ẹ bá tú irin kan, ẹ lu ihò rẹ̀ kí ó fẹ̀ sí i láti òkè, kí ẹ má jẹ́ kí ó dé fáíbà ìsàlẹ̀. Ẹ wá tẹ orí ìṣó kan, kí ẹ fi í sí ẹnu ẹ̀rọ ìlu-ihò, kí ó máa yí nínú ihò náà títí tí yóò fi họ igi kúrò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan yí ká. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ì báà gbà yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi téèpù dí ihò náà nísàlẹ̀, ẹ da epoxy ṣíṣàn, ìyẹn àtè olómi tí ó máa ń gan, sí i kí igi mu ún yó, lẹ́yìn náà ẹ fi èyí tí ó ki kún un. Ìgbà tí ó bá ti le bí òkúta ni kí ẹ tó lu ihò bóòtù tuntun gba àárín rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí àtè tilẹ̀ gbó, omi kò ní rí igi mu mọ́.

Atukọ̀ Chesapeake, Maryland

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Ní ti àtè, téèpù butyl, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ tí ó ń lẹ̀, ni èmi ń lò fún àwọn òpó, nítorí pé kì í gan, ó sì ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ gbẹ́ ẹnu ihò náà díẹ̀ kí ó dà bí àwo, kí ẹ wé butyl mọ́ ọrùn bóòtù bí òrùka, kí ẹnì kan di orí bóòtù mú ṣinṣin lókè, kí ẹnìkejì máa yí nọ́ọ̀tì nìkan nísàlẹ̀. Bí bóòtù bá yí, àtè ti ya nìyẹn. Ẹ fún un díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, títí tí kò fi ní tú jáde mọ́. Ẹ má fi í sí ìdí ibi tí a ń rọ epo sí o, nítorí pé epo máa ń yọ́ ọ. Àtè tí wọ́n ń pè ní polysulfide dára fún irin àti igi, ṣùgbọ́n ó máa ń ba fèrèsé oníke jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní polyurethane le púpọ̀: mo fi í lẹ irin ìso-okùn kan nígbà kan, nígbà tí mo sì fẹ́ tú u, ó ká awọ fáíbà mọ́ra bí ìgbà tí a bó èpo iṣu.

Ẹ tún yẹ àwọn bóòtù wò. Irin tí kì í dípẹtà nílò afẹ́fẹ́. Bí ó bá wà nínú omi tí kò rí afẹ́fẹ́, ibi tí ojú kò tó ni ó ti máa ń jẹ. Ẹ ṣe é kí òtútù tó dé, nítorí omi inú igi tí ó bá di yìnyín yóò wú, yóò sì ya fáíbà kúrò lára igi.

Ìyá Ìbejì, Plymouth

Ohun kan tí mo gbàgbé: òpó wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn ń dì mú bí wọ́n bá ń gun ọkọ̀, wọ́n sì ń fà á bí ọ̀pá tí a fi ń hú nǹkan. Wọ́ṣà kékeré nìkan kò tó nísàlẹ̀. Ẹ fi pẹlẹbẹ irin tí ó fẹ̀ ju ìdí òpó lọ tì í lẹ́yìn.

Àjàní Medway

Ẹ ṣé gan-an. Mo fi òòlù kàn án ní Sátidé. Òpó òkè ìrọ̀rí dún kọ́. Èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, tí mi ò tilẹ̀ fura sí, ni ó dún gbò ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Nígbà tí mo lu ihò rẹ̀, igi tí ó jáde dà bí áṣáà tí omi dà sí, mo sì fi ìka méjì fún omi jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú bóòtù mẹ́rin rẹ̀ ti jẹ ní ìdí títí ó fi tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Mo ti fi tapólì bo ibẹ̀, mo ń dúró kí ó gbẹ, kí ojú ọjọ́ sì móoru tó láti da epoxy. Méjì méjì ni n óò máa tú àwọn 11 tó kù, kí n má baà fi gbogbo dẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ láìní wáyà ààbò lẹ́ẹ̀kan náà.